IVIG àbí pípààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀? Bí a ṣe fi méjèèjì wéra nígbà tí ẹsẹ̀ àbúrò mi kọṣẹ́

Sálúbàtà ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Èyí tí àbúrò mi fi ń lọ ilé ìwẹ̀ ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀. Á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á wẹ̀yìn wò, ẹyọ kan ti wà lọ́hùn-ún. A fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Nígbà tó di Ọjọ́rú, kọ̀ńdọ́ kan ní Ìdí-Òrò ló gbé e sókè kó tó lè wọ dáńfó. Lọ́jọ́ Ẹtì, ife tíì ti di ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ rìwáyà ló ń ṣe ní Ládípọ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọ̀fìnkìn àti ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó lo òògùn, ó dìde, ó padà síbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó so ọ̀fìnkìn mọ́ sálúbàtà. Ìyá wa ní ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀: ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń gòkè, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n pè é? Kílíníìkì tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Guillain-Barré ni orúkọ àìsàn náà: ọmọ ogun tó yẹ kó dáàbò bo ara ló ń bá nẹ́ẹ̀fù jà, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ọwọ́ àtẹsẹ̀. Ẹ pè é ní Gìyán-Bàré, wọ́n á gbọ́ yín. Dókítà mẹ́ta tó wà pẹ̀lú àwọn ológun ilẹ̀ Faransé, Georges Guillain, Jean Alexandre Barré àti André Strohl, ló ṣàlàyé rẹ̀ lára sójà méjì ní 1916. (Orúkọ Strohl ni wọ́n já kúrò níbẹ̀. Ayé ò dọ́gba.) Lọ́dún, ó máa ń mú bí ẹnì kan sí méjì nínú 100,000 èèyàn. Bí ẹ bá kó mẹ́ta tó ní in jọ, ó tó méjì nínú wọn tí àìsàn mìíràn ti ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn: ọ̀fìnkìn líle, kòrónà, Zika, tàbí ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ní kó yan ọ̀kan nínú ìtọ́jú méjì, IVIG (òògùn inú ìgò) tàbí pípààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ (èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe), kó sì tètè fèsì, òun ni mo ń kọ èyí sí. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí. Kí n ti sọ èrò mi kí n tó bẹ̀rẹ̀: ìtọ́jú méjèèjì dọ́gba lágbára. Ibi tí ẹ gbé e wọlé sí, àti bí ẹ ṣe yá tó, ló jù.

Ṣé òun náà ni?

Rọpárọsẹ̀ ni à ń pe gbogbo ẹ̀ nílé, orúkọ kan yìí ló sì máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, nítorí òògùn wọn kò jọra.

Èyí tí ẹ̀jẹ̀ dí tàbí tó bẹ́ nínú ọpọlọ, lójijì ló máa ń dé, apá kan ara ló sì máa ń mú: ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Guillain-Barré máa ń mú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, á máa gòkè bí omi ọ̀gbàrá, ọjọ́ dé ọjọ́. Dókítà á fi òòlù kékeré kan orúnkún, ẹsẹ̀ ò ní í ta. Nígbà tí wọ́n kan ti àbúrò mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ tábìlì, ojú dókítà yí padà, èmi náà rí i.

Bó bá jẹ́ ojú nìkan ló wọ́, tí ọwọ́ àtẹsẹ̀ wà dáadáa, ẹ ní kó gbé irun òkè ojú sókè kí iwájú orí hunjọ. Bí iwájú orí lápá ibẹ̀ ò bá lè hunjọ, tí ojú ibẹ̀ ò sì pa dé, ó lè jẹ́ Bell's palsy, tí iṣan ojú kan wú lẹ́yìn fáírọ́ọ̀sì. Bí iwájú orí bá ṣì ń hunjọ tí ẹnu nìkan wọ́, ẹ sáré, ọpọlọ lẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Òògùn Bell's palsy ni prednisolone, láàárín wákàtí 72, kí ẹ sì máa dáàbò bo ẹyinjú tí kò pa dé, kó má gbẹ.

Èyí tó ń mú okùn inú eegun ẹ̀yìn, transverse myelitis, máa ń rọ ẹsẹ̀ méjèèjì, òun ló sì rọrùn jù láti ṣì mú fún Guillain-Barré. Ẹ wo ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá há láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹni náà sì ń sọ pé láti ìdodo lọ sísàlẹ̀ lòun ò ti mọ ìfọwọ́kàn, bíi pé wọ́n fi okùn dì í níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n máa yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú MRI.

Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi tàbí ibà, tó wá ń ṣe ránun-rànun, tó ń sùn ṣáá, tí gìrì mú, ó lè jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ni ọmọ ogun ara ń bá jà, ADEM ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ lójijì, ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀. Wọ́n á gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fi wá pólíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2020 ni wọ́n ti kéde pé irú pólíò tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹ má bínú sí wọn, iṣẹ́ wọn ni.

Gbígba omi láti ẹ̀yìn máa ń dẹ́rù ba ẹbí. Ìyá wa ní ìyẹn gan-an ló ń sọ èèyàn di arọ. Abẹ́rẹ́ náà kì í dé ibi tí okùn ẹ̀yìn wà. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn náà parí sí ni wọ́n ti ń gba omi. Wọ́n ń wò ó bóyá púrótéènì inú omi náà ti pọ̀ jù nígbà tí hóró ẹ̀jẹ̀ funfun kò pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè dára kó sì jẹ́ Guillain-Barré síbẹ̀.

Wáyà tó bó

Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, ara á kó ọmọ ogun jọ láti lé e. Ìgbà mìíràn, ìrísí kòkòrò yẹn jọ ìrísí awọ tó bo nẹ́ẹ̀fù wa. Ẹ wò ó bí ọlọ́dẹ àdúgbò tí wọ́n ní kó mú olè onífìlà pupa. Olè ti sá lọ tipẹ́, ọlọ́dẹ ò gbọ́, gbogbo onífìlà pupa tó bá pàdé ló ń lù. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún àbúrò mi pé wọ́n ń jẹ ohun tó bo nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ lára, ó ní, "Ìyẹn ni pé wáyà mi ti bó." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé lára àwọn kan, bàbà inú wáyà náà máa ń fara gbá, irú ìyẹn ló máa ń pẹ́ kó tó padà.

Ìgò àti ẹ̀rọ

Ìgò ni IVIG. Ọmọ ogun ara tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùfitọrẹ ni, tí wọ́n fọ̀ mọ́, tí wọ́n rọ sínú ìgò. Wọ́n á fà á sí i lára díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni da èrò sí àárín ọjà ni, tí ọlọ́dẹ tó ń ṣìnà kò fi ní í ráyè na ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀rọ ni pípààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ń ya omi rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú sọ́tọ̀, nítorí inú omi yẹn ni àwọn ọlọ́dẹ burúkú náà wà, á sì dá hóró ẹ̀jẹ̀ padà sára pẹ̀lú omi albumin tuntun. Ọlọ́dẹ gan-an ni wọ́n ń kó dànù.

Èwo ló ju èkejì lọ? Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ yege, nínú ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 1985. Ní 1992, àwọn ará Netherlands fi hàn pé ìgò náà ń ṣiṣẹ́. Ní 1997, wọ́n pín àgbàlagbà 383 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba ẹ̀rọ, àwọn kan gba ìgò, àwọn kan gba ẹ̀rọ kí wọ́n tó wá gba ìgò. Ìyàtọ̀ kankan tó ṣeé mú lọ́wọ́ kò sí láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó méjèèjì "kó lè yá", ẹ ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ gẹ́rẹ́ tó gba ìgò tán, nítorí ẹ̀rọ á fọ òògùn tí ẹ fi owó rà dànù.

Bí ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí lára ẹni tó wọn kílò 70 rèé:

Ìgò: gíráàmù 0.4 fún kílò kan lóòjọ́, ìyẹn 28 lójúmọ́, 140 lápapọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Bí ìgò bá jẹ́ gíráàmù 5, ìgò 28 nìyẹn. Bó bá jẹ́ gíráàmù 10, ìgò 14.

Ẹ̀rọ: nǹkan bíi mílílítà 50 fún kílò kan nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 3.5. Ìgbà márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó di lítà 17.5. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a fi ń pọn omi, ó ju ààbọ̀ rẹ̀ lọ dáadáa.

Ìdí tí mo fi ṣe ìṣirò yìí ni pé iye ìgò kan ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa, a sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ẹnì kan tó ní ìgò mélòó. Ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ, ẹ béèrè owó albumin, owó rọ́bà tí wọ́n máa tì sí ọrùn tàbí ìbẹ̀rẹ̀ itan rẹ̀, àti owó asẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pààrọ̀. Bó bá ní káàdì Ìlera Èkó tàbí ìbánigbófò ibi iṣẹ́, ẹ béèrè ibi tó dé kí ẹ tó tọ́wọ́ bọ àpò.

Ìgò rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Iṣan apá kan ti tó, nọ́ọ̀sì á sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀gànjọ́ òru. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọdé. Orí fífọ́ àti ibà díẹ̀ wọ́pọ̀. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ò dáa tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí, kó sọ ọ́ síta, nítorí ìgò lè dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ìfúnpá lè já lulẹ̀ lórí ẹ̀, orí ìka àti ètè lè máa ta ṣínṣín torí kálísíọ̀mù tó dínkù, ojú ibi tí rọ́bà wọlé lè kó kòkòrò. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ń fò sókè tó ń bọ́ sílẹ̀, èyí tí àìsàn yìí fúnra rẹ̀ máa ń fà, kò yẹ fún un. Ohun kan tí a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ilé ìwòsàn tó ń fọ kídìnrín kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè ní ẹ̀rọ, kí wọ́n má ní asẹ́ tó yẹ. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn.

Àkókò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìgò fẹ́ kí ẹ dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹ̀rọ ṣì lè ràn án títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò kùtù ló dáa jù. Ẹni tó pẹ́ kó tó délé ìwòsàn, ìyẹn lè dá a lójú pé ẹ̀rọ ni.

Àwa yan ìgò. Kì í ṣe pé ó dáa jù. Ilé ìwòsàn tó ní bẹ́ẹ̀dì ICU (wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn mú le gan-an) lọ́jọ́ yẹn ò ní ẹ̀rọ, èyí tó ní ẹ̀rọ wà lódìkejì afárá, dókítà wa sì ní èémí rẹ̀ ò lè gba gòsílóò Táàdì Méénlándì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, àwa la lọ rà á. Mo gbé kúlà bọ̀ láti ilé òògùn ńlá kan ní Súrùlérè, mo fi tówẹ́ẹ̀lì ya yìnyín kúrò lára ìgò, torí bí IVIG bá di yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ fìríìjì, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ ka ohun tó wà lára páálí. Kí ẹ má sì mì ín. Lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ojúẹlẹ́gbà, gbogbo kòtò tí a bọ́ sí ni mo fi ikùn mi gbà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí òògùn náà máa bàjẹ́. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín rí i ní ìdajì owó lọ́jà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Èyí tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ yàn

Kílíníìkì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti gún un ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì. Fún Bell's palsy, fún ti okùn ẹ̀yìn, fún ADEM ọmọdé, òun ni òògùn àkọ́kọ́. Fún Guillain-Barré, kò ṣe nǹkan kan, hóró rẹ̀ tí à ń gbé mì sì lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ohun kan náà, ọmọ ogun ara tó ya wèrè lẹ́yìn fáírọ́ọ̀sì, òògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ orúkọ àìsàn kí ẹ tó fọwọ́ sí abẹ́rẹ́.

Ìyá wa gbé àgbo wá láti Ojúwòyè, nínú ìgò rágólíìsì, ó ṣì gbóná. N kò bá wọn jà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fọgbọ́n ṣe é. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un lómi ṣíbí kan." Wọ́n fún un. Ó húkọ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, omi gba imú jáde. "Ṣé ẹ rí i, mọ́mì? Ohunkóhun tí a bá dà sí i lẹ́nu báyìí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ." Ìyá wa bo ìgò wọn, wọ́n sì gbé e sábẹ́ àga. Ẹnikẹ́ni kò bú àgbo, ẹnikẹ́ni kò bú wọn.

Ibi tí ẹ máa gbé e lọ

Nínú ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ní àìsàn yìí, ó lè kan ẹnì kan tí èémí rẹ̀ máa fi í sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ló máa bá a mí. Ohun tó sábà máa ń pani nìyẹn, pẹ̀lú ọkàn tó ń lù gbákọgbàkọ. Ẹsẹ̀ tó rọ kọ́ ló sábà máa ń pani.

Nítorí náà, kílíníìkì tó ní ìgò ṣùgbọ́n tí kò ní ICU, àti ilé ìwòsàn tó ní ICU tí ìgò kò tíì dé síbẹ̀, ẹ gba èkejì. Ní Méénlándì, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tí dókítà iṣan òun ọpọlọ wà. Ẹni tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè kọ́kọ́ sáré dé Jẹ́nẹ́rà ní Ọ̀dàn, kí wọ́n wo èémí rẹ̀ kí wọ́n sì kọ ìwé. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767. Ẹ fóònù ṣáájú: ṣé bẹ́ẹ̀dì ICU wà lónìí? Ṣé ẹ̀rọ amúnimí kan ṣófo? Bí wọ́n bá ní "ẹ ṣáà máa gbé e bọ̀", ẹ tún béèrè.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ ní kó mí sínú dáadáa, kó sì ka òǹkà sókè láìmí mìíràn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, àbúrò mi ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ dé méjìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró ní mọ́kàndínlógún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, "ẹ̀talá" ló sọ tó dákẹ́, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ márùn-dín-lógún, kí ẹ má dúró de ráóńdì dókítà. Kí ẹ sì máa fi èdè kan náà kà á lójoojúmọ́. Nọ́ńbà Yorùbá gùn lẹ́nu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ogún tiwa ń jẹ èémí ju ogún tiwọn lọ. Ìwọ̀n tàná ni kí ẹ fi wé tòní. Nọ́ọ̀sì sáré pe ICU nígbà tó gbọ́ ẹ̀talá.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí ẹ̀rọ amúnimí. Ìgò ti tán ní ọjọ́ karùn-ún, kò sì mì ìka kan. A ní kí wọ́n tún fún un ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Dókítà ní rárá: àwọn ará Netherlands ti dán an wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2021, ìgò kejì kò ran àwọn tí àìsàn náà mú le jù lọ́wọ́, ó sì tún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn dì. Ó ní bí àìsàn náà ṣe máa ń rí nìyẹn, ó máa ń burú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó dúró, òògùn kàn ń bu ìgbà náà kúrú ni. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún wa kí a tó rà á. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, a ò bá má bá ara wa jà ní kọ́rídọ̀.

Físíò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kó di ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn àti itan máa ń dùn ún lóru débi ẹkún; ẹ sọ fún dókítà, òògùn ìrora nẹ́ẹ̀fù yàtọ̀ sí Panadol. Agara máa ń dá wọn títí pẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ló padà sí Ládípọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wọ́ díẹ̀ lálẹ́, bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn ló ń wọ̀ lọ ilé ìwẹ̀ báyìí.